Iná búlúù, egbò ẹnu àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: bí a ṣe ń tètè rí jẹjẹrẹ ẹnu

Ẹ̀KỌ́ ÌLERA FÚN ÌDÍLÉ

Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ẹ̀yí dá lórí ẹnu wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o, ẹnu fúnra rẹ̀ ni: ètè, ahọ́n, erìgì àti abẹ́ ahọ́n.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni iná kan tí àwọn dẹ́ńtíìsì kan máa ń tàn sí ẹnu láti fi wá àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé: Ṣé iná yìí dájú? Ṣé ó tó ohun tí a lè torí rẹ̀ san owó lọ́tọ̀? Bí iná bá ní kò sí nǹkan, ṣé ọkàn wa lè balẹ̀?

Ìdáhùn kúkúrú nìyí: iná náà lè ranni lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe adájọ́. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni pé kí ẹ tètè rí egbò tí kò jinná, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fara balẹ̀ ka ìyókù, kí ẹ sì kà á fún àgbà tí kò lè kàwé nínú ilé.

1. KÍ NI JẸJẸRẸ ẸNU?

Ara wa kún fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Lójoojúmọ́ ni àwọn kan ń kú, tí àwọn mìíràn ń rọ́pò wọn. Nígbà mìíràn àwọn kan nínú wọn a ya aláìgbọràn, wọn a máa pọ̀ sí i láìdúró. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní awọ inú ẹnu, òun ni jẹjẹrẹ ẹnu. Kì í ranni. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó ní i lè jẹun pẹ̀lú yín nínú abọ́ kan náà.

Àwọn tó ń ka iye aláìsàn káàkiri àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ènìyàn bí 377,000 ni jẹjẹrẹ ètè àti ti ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ó sì pa bí 177,000 ní ọdún kan náà. Ní ìlú ọba níbí, ó ju 8,000 ènìyàn lọ tí wọ́n ń rí jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀fun lára wọn lọ́dọọdún.

Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà dun ènìyàn. Ohun tí kò bá sì dun ni, a kì í tètè kà á sí. Eyín dídùn á lé ni dìde lóru, àmọ́ egbò tí kò dùn, a ó kàn máa jẹun lọ ni. Bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì kéré, iṣẹ́ abẹ kékeré lè tó, ẹni náà á sì máa sọ̀rọ̀, á máa jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ. Bó bá ti ta gbòǹgbò, tó ti wọ inú ọrùn, ó lè gba pé kí wọ́n gé lára ahọ́n tàbí egungun àgbọ̀n, ìrètí ìwòsàn á sì dín kù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè má ju oṣù díẹ̀ lọ.

2. TA LÓ YẸ KÓ ṢỌ́RA JÙ?

– Ẹni tó ń fa sìgá, páìpù tàbí ṣíṣà.

– Ẹni tó ń fi aṣáà sẹ́nu tàbí tó ń jẹ tábà. Ẹ má rò pé èyí tí kò ní èéfín kò léwu. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn yìí.

– Ẹni tó ń mutí púpọ̀. Bí ọtí àti sìgá bá wá pàdé lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ewu náà pọ̀ gan-an, nítorí méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ṣe ibi.

– Ẹni tó ń jẹ paan, ìyẹn ewé tí wọ́n ń tà ní Green Street àti Ilford, tí àwọn ará Bangladesh, Íńdíà àti Pakistan fẹ́ràn. Èso betel tó wà nínú rẹ̀ ló léwu jù. Ní ọdún 2004, IARC sọ pé èso náà ń fa jẹjẹrẹ kódà bí kò bá sí tábà nínú rẹ̀. Betel kì í ṣe obì tiwa o, igi ọ̀tọ̀ ni. Àmọ́ àwọn ọmọ wa àti ọmọ aládùúgbò jọ ń dàgbà ni, wọ́n sì máa ń tọ́ ohun tí ara wọn ń jẹ wò.

– Ẹni tí kòkòrò HPV wà ní ọ̀fun rẹ̀. Kòkòrò yìí máa ń fa jẹjẹrẹ ní ìdí ahọ́n àti ní ibi tí bèlúbèlú ti ń mú ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ní England, wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 2008, àwọn ọmọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní Year 8 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ní Nàìjíríà, oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Bí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ wá, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

– Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú ọ̀dọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fa sìgá rí, tí kò mutí rí, ó lè ní i. Ẹ má sọ pé, "Èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

3. IRÚ INÁ WO NI WỌ́N Ń TÀN?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù.

Èkíní ni iná búlúù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rí, á tètè yé e. Bí oníbàárà bá mú £20 wá, ẹ ó tì í sábẹ́ iná kékeré aláwọ̀ àlùkò. Bí owó náà bá jẹ́ ojúlówó, nọ́ńbà 20 tí ojú lásán kò rí á tàn yòò ní pupa àti àwọ̀ ewé. Ohun tó ń tàn náà ti wà lára owó tẹ́lẹ̀, iná ló fi í hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ẹnu wa rí. Àwọn èròjà kan wà nínú awọ ẹnu tó jẹ́ pé bí iná búlúù bá kàn wọ́n, wọ́n á tàn padà ní àwọ̀ ewé. Dẹ́ńtíìsì á dín iná yàrá kù, á tan iná búlúù sí ẹnu yín, á sì máa wò láti inú dígí kan tó ń dí àwọ̀ búlúù náà, kó lè rí àwọ̀ ewé nìkan. Ibi tí ara bá ti le, á máa tàn. Ibi tí àwọn ẹ̀yà ara ti ń dàrú, àwọn èròjà yẹn á ti yí padà, kò ní tàn mọ́, á dà bí òjìji. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ẹ̀rọ yìí ni VELscope. Vancouver ní Kánádà ló ti wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn dẹ́ńtíìsì ní nǹkan bí ọdún 2006.

Èkejì ni iná tí wọ́n ń tàn lẹ́yìn fínígà. ViziLite ni ẹ̀yà rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Wọ́n á fún yín ní omi tí wọ́n fi fínígà díẹ̀ sí kí ẹ fi yọ ẹnu, ẹ ó tu ú dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀pá kékeré kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun tó fẹ́ jọ búlúù wo ẹnu yín. Ibi tí kò dára á funfun ju ibi tó kù lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ rí ní Nàìjíríà, irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: fínígà náà ni nọ́ọ̀sì máa ń fi pa ibẹ̀, tí á wá wò ó bóyá ojú kan á funfun.

Kò sí èyí tó ń dunni nínú méjèèjì. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe X-ray. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

4. OHUN TÍ INÁ KÒ LÈ SỌ

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwa aláwọ̀ dúdú ló kàn jù.

Ohun tó mú awọ ara wa dúdú wà nínú ẹnu wa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní erìgì dúdú láti kékeré. Bí wọ́n bá tan iná búlúù sí irú erìgì bẹ́ẹ̀, kò ní tàn bíi ti òyìnbó, nítorí àwọ̀ dúdú náà á gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ó lè wá dà bí ẹni pé àìsàn wà níbi tí kò sí nǹkan kan. Bákan náà ni ibi tí ẹ fi eyín gé jẹ, ibi tí tíì gbígbóná ti bó, erìgì tó wú, tàbí ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tí wọ́n fi irin dí. Gbogbo wọn ló lè dúdú lábẹ́ iná, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ló ní àwọ̀ bí eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fi ìka na ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, á pòórá. Bí ara ọ̀pọ̀ wa ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àìsàn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló léwu jù: iná lè kọjá lórí ibi tó burú, kó má sọ nǹkan kan.

Ní ọdún 2021, àjọ Cochrane, tó máa ń kó àwọn ìwádìí jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tẹ àbọ̀ jáde lórí irú àyẹ̀wò báyìí, àti iná, àti aró tí wọ́n ń fi pa ẹnu, àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ha á. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni pé kò sí ọ̀kankan tó lè dípò kí wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní lábú. Ẹgbẹ́ àwọn dẹ́ńtíìsì Amẹ́ríkà náà ti kìlọ̀ ní ọdún 2017 pé kí wọ́n má fi iná ṣe ìdájọ́ egbò tí ojú ti rí. Kódà ní Kánádà tí iná búlúù náà ti wá, àwọn oníṣẹ́ abẹ dán an wò bóyá ó lè fi ibi tó yẹ kí wọ́n gé dé hàn wọ́n, kí àrùn má bàa padà wá. Èsì tó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé kò mú ìyàtọ̀ wá.

Ṣé ká wá sọ pé iná náà kò wúlò? Rárá. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ó lè mú kó tún ibì kan wò lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí owó £20 kò bá tàn, báǹkì ló máa sọ bóyá ayédèrú ni. Báǹkì ti ẹnu ni lábú.

5. OJÚ ÀTI ỌWỌ́ Ń ṢIṢẸ́ GAN-AN

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Kerala ní gúúsù Íńdíà. Láti ọdún 1996, àwọn onímọ̀ pín àwọn ènìyàn tó ju 190,000 lọ sí ọ̀nà méjì ní agbègbè Trivandrum. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà bí a ṣe ń yẹ ẹnu wò. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń sọ fún aráyé pé kí wọ́n la ẹnu. Kò sí iná búlúù. Ojú tó mọ ohun tó ń wá, àti ọwọ́ tó ń tẹ ọrùn wò, ni irin iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2005 wọ́n tẹ èsì jáde: láàárín àwọn tó ń lo tábà tàbí tó ń mutí, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹnu fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ti yẹ ẹnu wò.

Ẹ rántí pé ní ìlú yìí, NHS máa ń kọ lẹ́tà pe àwọn obìnrin fún àyẹ̀wò ọmú àti ti ẹnu ilé-ọmọ. Ti ẹnu yìí kò ní lẹ́tà. Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn kò dámọ̀ràn àyẹ̀wò rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Kò sí ẹni tó máa ránṣẹ́ pè yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ.

6. ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Àwọn tí a dárúkọ níhìn-ín kì í ṣe ẹni gidi. A fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ni.

Bàbá Kúnlé jẹ́ ẹni ọdún 57, iṣẹ́ sikiọ́rítì ló ń ṣe lóru. Ó ti ń fa sìgá láti ìgbà tó wà n'Íbàdàn. Egbò kan wà létí ahọ́n rẹ̀. Ó sanwó, wọ́n tan iná búlúù sí i, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun.

"Bàbá Kúnlé, egbò ẹnu yín ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀. Eyín tó ṣẹ́ yẹn ló ń gún un. Wọ́n ṣáà ti tan iná sí i, wọ́n ní kò sí nǹkan."

"Ìgbà wo ni wọ́n tan án?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ dòní? Ẹ má bínú o, iná ti sọ tiẹ̀, egbò náà ń sọ tiẹ̀. Èwo la ó gbà gbọ́?"

Ìyá Kúnlé ló gbọ́n. Eyín tó ṣẹ́ lè gún ahọ́n lóòótọ́. Kí dẹ́ńtíìsì bá a ha eyín náà kó dán, kó sì tún wò ó láìpẹ́. Bí eyín bá ti dán tí egbò kò sì san, kì í ṣe eyín nìyẹn mọ́. Èsì iná kò lè pa egbò tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ́.

Èkejì ni Àǹtí Ṣadé, ẹni ọdún 34, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n tan iná sí ẹnu rẹ̀, wọ́n ní erìgì rẹ̀ dúdú lábẹ́ iná. Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ti ń ronú ẹni tó máa bá a tọ́ ọmọ. Ohun tó yẹ kó bi wọ́n léèrè lójú ẹsẹ̀ ni pé: "Ṣé kì í ṣe àwọ̀ ara mi ni?" Àwọ̀ dúdú tó ti wà láti kékeré, tó wà lọ́tùn-ún lósì, tó tẹ́jú, tí kò yí padà, kò sábà ní wàhálà. Àmọ́ bí dúdú tuntun bá yọ lójú kan ṣoṣo, tó ń tóbi, tó ga sókè tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi í han dẹ́ńtíìsì láìjáfara.

7. BÍ A ṢE Ń YẸ ẸNU WÒ NÍLÉ

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́. Ẹ wá dígí àti iná tó mọ́lẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó. Bí ẹ bá ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́.

a) Ojú àti ọrùn: ẹ wò ó bóyá apá ọ̀tún àti òsì bára mu. Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì wò fún kókó.

b) Ètè: ẹ fà á sókè, ẹ fà á sílẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò.

d) Erìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́: ẹ wo ìta àti inú erìgì. Ẹ fi ìka na ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

e) Ahọ́n: ẹ yọ ọ́ síta, ẹ fi aṣọ tó mọ́ di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ẹ fà á sí ọ̀tún, ẹ fà á sí òsì. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni kí ẹ wò jù, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ fẹ́ràn.

ẹ) Abẹ́ ahọ́n: ẹ gbé ahọ́n kan òkè ẹnu, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà léwu, ọ̀pọ̀ kì í sì í wò ó.

f) Òkè ẹnu àti ọ̀fun: ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ sọ pé "áà".

Ohun tí ẹ ń wá nìyí: egbò tí kò san, ojú pupa, ojú funfun tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí pupa òun funfun pọ̀, kókó tàbí ibi tó le, ẹ̀jẹ̀ tí kò nídìí, ibi tó kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, eyín tó ń mì láìsí ìdí, oúnjẹ tí kò lọ dáadáa, ohùn tó há tí kò là, etí kan tó ń dunni nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ egbò ẹnu kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n á san láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí egbò, ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí kò san, ẹ dìde. Ẹ lè mu àgbo, ẹ lè fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àgbo gba ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ́wọ́ yín.

8. NÍBO LẸ MÁA LỌ, ÈLÓ SÌ NI?

GP: ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn, ohun yòówù kí ìwé ìgbélùú yín jẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ torí pé ẹ kò ní páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ilé kọ̀ láti forúkọ yín sílẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé "ẹnu ń dùn mí". Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀. Ẹ lè ka gbólóhùn yìí fún ẹni tó bá gbé fóònù: "I have had a mouth ulcer for more than three weeks and it is not healing." Bí èdè bá há, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá fún yín, ẹ kò ní sanwó rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Dẹ́ńtíìsì NHS: ẹ lè lọ sí èyíkéyìí tó bá ní àyè, kò dìgbà tí ẹ bá ń gbé àdúgbò rẹ̀. Yíyẹ awọ ẹnu wò fún jẹjẹrẹ wà lára àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé owó àyẹ̀wò ní England sí £27.40. Owó yìí sábà máa ń yí padà ní oṣù kẹrin, nítorí náà ẹ béèrè. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé 18, fún aboyún àti ìyá tó bímọ láàárín oṣù 12, àti fún àwọn kan tó ń gba Universal Credit. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá kéré, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù HC1. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, ìwé HC2 tí wọ́n máa fún yín á gbé gbogbo owó náà. Ẹ má fọwọ́ sí i pé ọ̀fẹ́ ló yẹ yín bí kò bá dá yín lójú, torí wọ́n máa ń bu owó ìtanràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó iná lọ́tọ̀, ẹ béèrè pé: "Bí n kò bá san án, ṣé ẹ ṣì máa yẹ gbogbo ẹnu mi wò?" Bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kó jẹ́ ìdáhùn. Bí ẹ bá ti ní egbò tí kò san, ẹ tọ́jú owó yẹn. Kì í ṣe iná ló kàn, ọsibítù ló kàn.

Ọsibítù: GP tàbí dẹ́ńtíìsì ló máa kọ ìwé kíákíá pé kí wọ́n wò yín. Ó lè jẹ́ Queen's Hospital ní Romford, ó sì lè jẹ́ Royal London ní Whitechapel, níbi tí District line gbé ń lọ tààrà láti Upney láìpààrọ̀ ọkọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìlànà NHS ní England ni pé láàárín ọjọ́ 28 tí wọ́n kọ ìwé náà, kí ẹ ti mọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́. Bí ọjọ́ bá ń lọ tí ẹ kò gbọ́ nǹkan, ẹ tẹ GP láago. Kì í ṣe àfojúdi.

Ẹni tó ti san owó ìlera pẹ̀lú físà rẹ̀, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, àti ẹni tó ń tọrọ ààbò kò ní sanwó ọsibítù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì tò lè rí bíìlì. Síbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ìtọ́jú tó jẹ́ kánjúkánjú falẹ̀ nítorí owó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi egbò pamọ́ nítorí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí GP, kí ẹ sì wá gba ìmọ̀ràn.

9. "WỌ́N NÍ BÍ ABẸ BÁ KÀN ÁN, Á TÀN KÁÀKIRI"

A máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Biopsy ni orúkọ gígé ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò. Wọ́n á gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó kú, wọ́n á gé bíńtín, wọ́n lè fi òwú kan tàbí méjì rán an, ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ á ro yín díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe biopsy ló ń mú jẹjẹrẹ ẹnu tàn. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rò bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ nílé, ìgbà tí àrùn ti jinlẹ̀ ni wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù. Wọ́n gé e lónìí, aláìsàn kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, abẹ ló wá gba ẹ̀bi. Ìdádúró ló pa á. Àìsàn kò ní bọ̀wọ̀ fún wa torí pé a fi í pamọ́, ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ yìí sínú nìkan ló ń gbé ẹrù tó yẹ kí ènìyàn mẹ́ta bá a gbé.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ TÀBÍ ẸGBẸ́

1) Kí ló dé tí erìgì dúdú fi lè ṣi iná búlúù lọ́nà?

2) Bí iná bá ní kò sí nǹkan, àmọ́ tí egbò ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí lẹ máa ṣe?

3) Ta ni nínú ilé yín tó ń fa sìgá tàbí tó ń fi aṣáà sẹ́nu? Ìgbà wo ni dẹ́ńtíìsì wo ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn?

4) Báwo lẹ ṣe lè bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nípa egbò ẹnu rẹ̀ láìtàbùkù rẹ̀?

Ẹ GÉ APÁ YÌÍ, KÍ Ẹ LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ FÌRÍÌJÌ

Egbò ẹnu, ojú pupa tàbí funfun, kókó lẹ́nu tàbí lọ́rùn.
Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ lọ rí GP tàbí dẹ́ńtíìsì lọ́sẹ̀ yìí.
Kò dùn yín? Ẹ ṣì lọ.
Iná ní kò sí nǹkan, àmọ́ egbò ṣì wà? Ẹ padà lọ.
Ẹ kò rí dẹ́ńtíìsì? Ẹ pe GP, tàbí kí ẹ pe 111.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni: ..................